Etí Àsíá Tó Jìnnà sí Òpó

Aṣọ àsíá kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú olówó máa ń kó dé láti ìlú ńlá bí ìbò bá kù díẹ̀, aṣọ ọ̀rá ni. Ó ń dán, ó fẹ́lẹ́, atẹ́gùn díẹ̀ ló sì máa gbé e fẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí oòrùn Ìkọ̀lé fi ń ṣí àwọ̀ rẹ̀. Aṣọ tó ki ni èmi fi ń rán ti bàbá mi, irú èyí tí a fi ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé, aró lókè, àwọ̀ ọsàn nísàlẹ̀. Mo sì mọ ibi tí àsíá ti ń kú. Kì í kú láti ibi tí a so ó mọ́ òpó. Etí tó jìnnà sí òpó ni afẹ́fẹ́ ń nà. Ibẹ̀ ni òwú ti máa ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àsíá á fi máa kúrú. Nítorí náà, etí yẹn ni mo máa ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, òwú tí wọ́n fi ń rán báàgì ni mo sì máa ń fi rán an.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Aránṣọ ni mí ní Ìkọ̀lé, búláòsì àti yunifọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ mi. Ara àwọn àsíá tó ti gbó ni mo ti kọ́ ọ. Mo máa ń tú wọn, mo máa ń wo bí wọ́n ṣe gé wọn, irú òwú tí wọ́n lò, ibi tí ojú okùn wà. Gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ni mo ti rán àsíá fún rí. Bí ẹ bá fi mí sílẹ̀, mo lè sọ̀rọ̀ àsíá di ọ̀sán. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀, wọn kì í bi mí.

Ìlú wa kò jìnnà sí Òkè-Àkò. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, òun ló sì jẹ́ alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. Yàrá iwájú ilé wa ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́, òpó ọparun sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí àdúrà òwúrọ̀ bá ti parí, bàbá mi á gbé àsíá sókè. Kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á ká a sí ìdajì, á tún ká a sí ìdajì, títí á fi tó ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú aró nínú. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ká a. Ìyá mi máa ń sọ, kó tó kú, pé bí òun bá rí irú ìkáṣọ bẹ́ẹ̀ lára agbádá rẹ̀, òun ì bá ti ṣe ìdúpẹ́.

Ẹgbẹ́ bàbá mi kì í ṣe ti ẹ̀yà kan. Ohun tó mú kó wọ ibẹ̀ nìyẹn, ohun tó sì pa ẹgbẹ́ náà nínú ìbò tó kọjá nìyẹn. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka èsì lórí rédíò. Orí orúnkún ló gbé rédíò sí bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ìhà kọ̀ọ̀kan orílẹ̀-èdè yìí ló dìbò fún ọmọ tirẹ̀. Ibi gbogbo ni ẹgbẹ́ wa ti rí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìhà kan tí ó ti mókè. Bàbá mi pa rédíò náà. Ó ní a wà níbi gbogbo bí iyọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti jẹ́ ọbẹ̀.

Ó gbé rédíò náà sórí tábìlì, ó sì yíjú sí mi. Ó ní: "Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹ̀yà, ta ni yóò sin ín?"

Nílé wa náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ògbọ́n mẹ́ta, ìyẹn àdúgbò mẹ́ta, ni ìlú wa pín sí, ògbọ́n kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀ àti ibùdó ìbò tirẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti borí wa. Ibì kan ṣoṣo tí a ti mókè ni abà. Abà náà wà lọ́nà oko, níbi tí ilẹ̀ Èkìtì ti ń sún mọ́ ilẹ̀ Kogí. Àwọn Ẹ̀bìrà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Tífí wà pẹ̀lú wọn, àti àwọn ará wa díẹ̀. Kí àpótí ìbò tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣe ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn wá dìbò ní ìlú, aláboyún àti arúgbó kì í sì í lè wá. Bàbá mi ló ń lọ, tó ń bọ̀ ní Ìkọ̀lé, títí wọ́n fi fún wọn ní ibùdó lábẹ́ igi máńgòrò kan. Wọn kò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ojú mìíràn ni ìlú fi wo ọ̀rọ̀ náà. Kíá ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ wa ní ẹgbẹ́ Ìgbìrà, nítorí bí ìlú ṣe ń pe àwọn Ẹ̀bìrà nìyẹn. Aládùúgbò wa kan máa ń dúró lórí ọ̀kadà rẹ̀ níwájú ilé láti kí bàbá mi.

"Bàbá Alága, ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé ẹ ti ń kọ́ èdè wọn?"

"Mo ti gbọ́ 'ẹ wá jẹun' lẹ́nu wọn," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ rí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ọ̀kadà. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, mo rí i pé ó dúró nídìí àga rẹ̀ láìjókòó, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti dàgbà, ó fẹ́ fa wọ́ọ̀dù náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kò sì sí ẹni tí ó máa fà á lé lọ́wọ́. Àwọn tó lágbára ti ń fò lọ sí ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà. Bí òpó ọparun yẹn bá wó tí kò sí ẹni tó tún un rì, iṣẹ́ tó fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Ó pe ìpàdé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pe ìpàdé lọ́dọ̀ wa: alága á ránṣẹ́ sí olórí ògbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olórí ògbọ́n kọ̀ọ̀kan á sì ránṣẹ́ kiri ilé àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń pè é. Bàbá mi gbà pé ìwọ̀sí ni kí ènìyàn fi fóònù pe àgbà sí ìpàdé, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ẹni tó jẹ gbèsè. Ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn díẹ̀ wá. Ìpàdé kejì, ènìyàn méjì péré ló wá. Ọ̀kan ni obìnrin tí a ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin, tó ń ta bisikíìtì àti mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Èkejì ni akọ̀wé ẹgbẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni láti kékeré.

Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó ní òun ti rò ó títí, ó ní bí ayé ṣe ń lọ báyìí, ẹni tí kò bá sí níbi oúnjẹ kò ní rí oúnjẹ. Ọ̀nà tó wọ ìlú wa ti bàjẹ́, ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà nìkan ló lè tún un ṣe. Ó ní kódà àwọn ará abà tí a ń tìtorí wọn gba yẹ̀yẹ́ kò yọjú láti ọjọ́ ìbò. Wọ́n ti lọ.

"Bàbá Alága," ló wí, "ẹgbẹ́ yìí ti kú. Òkú kì í sì í ní alága."

Ìyá Ẹgbẹ́ yíjú sí i. "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn nípàdé, báwo lẹ ṣe mọ ìgbà tó kú?"

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá mi kò rín. Ọ̀rọ̀ abà yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Ìlú lè kọ̀yìn sí i, ó ti mọ ìlú. Abà ni kò rò.

Nígbà tí mo tún wálé láti Ìkọ̀lé, ọparun lásán ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti ń rọ̀, gbogbo ènìyàn ti ń kọ ebè, ṣùgbọ́n bàbá mi kò tíì fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Àsíá náà wà lórí tábìlì, ó ká a bó ṣe máa ń ká a. Mo tú u, mo wo etí rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo sọ fún un pé n óò mú un lọ ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n dé. Ibi tí a ti ń jẹun ọ̀sán ni a ti gbọ́ ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà, ó ju ọ̀kan lọ. Àwọn ará abà ni. Ẹni tó ṣáájú wọn ni ọkùnrin tí mo máa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Abà. Ẹ̀bìrà ni, ṣùgbọ́n abà yẹn ni wọ́n bí i sí, ó sì ń sọ Èkìtì jù mí lọ. Èmi tí mò ń fi Yorùbá ilé-ìwé bá oníbàárà sọ̀rọ̀, "iṣẹ́" àti "iṣu" ni mò ń wí; òun, "uṣẹ́" àti "uṣu" ló máa ń wí bí bàbá mi. Adìyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ó lẹ́sẹ̀. Ojú gbogbo wọn le.

Bó ṣe rí bàbá mi tó ń jẹun, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Bàbá, ẹ wà láàyè."

"Ta ló ní mo kú?"

Ó ṣàlàyé. Obìnrin kan láti abà wá sí ọjà, ó sì rí òpó láìsí àsíá. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, bákan náà. Àwọn tó wà lábà mọ̀ pé bàbá mi kì í fi àsíá sílẹ̀ bí ara rẹ̀ bá le. Wọ́n rò pé ara rẹ̀ kò yá gidigidi, tàbí pé ó ti kú tí ìlú kò sì ránṣẹ́ sí wọn.

"Ara mi yá," ni bàbá mi wí. "Ẹgbẹ́ ni ara ẹ̀ ò yá. Ẹ̀yin náà sì ti fi í sílẹ̀. Mo pe ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò wá."

Bọ̀ọ̀dá Abà wo àwọn tó bá a wá.

"Bàbá, a ò gbọ́ ìpàdé kankan."

"Mo ránṣẹ́."

"Ta lẹ rán?"

"Àwọn olórí ògbọ́n."

Ọkùnrin náà gbé adìyẹ náà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi béèrè, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Ògbọ́n wo la wà?"

Bàbá mi ka àwọn ògbọ́n náà lórí ìka, ó sì dúró lórí ìkẹta. Mo ń wò ó. Bí a ṣe ń pe ìpàdé láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa nìyẹn. Ògbọ́n mẹ́ta. Oyè alága náà, ògbọ́n mẹ́ta ló ń yí, bí ìgbà tí wọ́n ń jẹ oyè ìlú. Abà kò sí ní ògbọ́n kankan. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí rẹ̀ rí, torí pé ní àsìkò ìbò, mọ́tò tó ń pariwo ló ń gbé ìròyìn lọ sábà. Ìbò parí, mọ́tò náà lọ, ẹnu nìkan ló kù, ẹnu kò sì dé ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó dìbò fún wa jù ni ìránṣẹ́ wa kò tíì dé rí. Àwọn náà ti ń dúró kí a pè wọ́n. Wọ́n rò pé ìlú ti bínú sí wọn nítorí yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bàbá mi.

"Ẹ jókòó," ni bàbá mi wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Wọn kò jẹun tán kí wọ́n tó béèrè oko rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé kò tíì kọ ebè kankan, Bọ̀ọ̀dá Abà ní àwọn máa bá a ṣe ọ̀wẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀, bí ọ̀wẹ̀ bá ti wà, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò ní lọ. Ènìyàn lè sá fún ìpàdé ẹgbẹ́, kò lè sá fún ọ̀wẹ̀ àgbà. Ìyá Ẹgbẹ́ ló gbé ìròyìn náà yí ìlú ká láàárín ọjà, àwọn tí kò yọjú sí ìpàdé láti ọjọ́ yìí sì ń mú ọkọ́ bọ̀. Tíṣà náà mú tirẹ̀ wá. Èèkù rẹ̀ ṣì funfun, ó hàn pé kò tíì lò ó rí. Ìyá Ẹgbẹ́ bi í bóyá ọkọ́ ni àbí gègé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, nítorí mo jókòó ti iná ọbẹ̀ mo sì ń wò wọ́n ní àwòtúnwò. Ìlà ni wọ́n ń tò sí. Kálukú ló ní ìlà tirẹ̀ níwájú, wọ́n sì jọ ń lọ ni. Ẹni tó mú ìlà etí ló ń darí wọn. Bó bá yára, gbogbo wọn á yára. Ọkọ́ àwọn Ẹ̀bìrà fẹ̀ ju tiwa lọ, ọrùn rẹ̀ sì kúrú. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń fa ilẹ̀, ebè á sì dìde, á ga dé orúnkún. Bàbá mi kò gbà kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó mú ìlà etí nínú oko tirẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Abà mú ìlà tó tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́ tí èémí bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Nígbà náà ni mo rí ohun tí Bọ̀ọ̀dá Abà ń ṣe. Bó bá ti kọ ebè tirẹ̀ tán, á na ọkọ́ rẹ̀ sí ìlà bàbá mi, á fa ilẹ̀ ibẹ̀ sókè pẹ̀lú, láì gbójú sókè, láì dákẹ́ orin tó ń kùn lẹ́nu. Bàbá mi á dé ibẹ̀, á bá ebè tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, á fi ọkọ́ tẹ orí rẹ̀, á sì kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ títí dé òpin oko. Bàbá mi kò kúrò níwájú, kò sì sẹ́ni tó fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Mo fi aṣọ nu ojú mi. Èéfín iná pọ̀ díẹ̀.

Abẹ́ igi ni a ti jẹ iyán. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, bàbá mi ní kí wọ́n má dìde. Ó sọ fún wọn pé àṣìṣe kan wà nínú bí a ṣe ń ṣe ẹgbẹ́ yìí, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ògbọ́n mẹ́rin ni wọ́ọ̀dù wa, abà ni ìkẹrin. Nítorí pé oyè alága kò tíì kan abà rí, òun ló kàn báyìí, ó sì nawọ́ sí Bọ̀ọ̀dá Abà.

Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ bàbá mi pé kó rò ó dáadáa. "Tí a bá fi àlejò ṣe alága, kí la fẹ́ sọ fún ìlú? Wọ́n á ní Ìgbìrà ló ń darí wa."

"Tíṣà, ohun tí wọ́n ti ń wí náà nìyẹn," ni bàbá mi dáhùn. "Ìyà ẹ̀ la ti ń jẹ látọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká kúkú jẹ adùn ẹ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Abà kò rín. Ó ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun. Bí òun bá gba oyè lónìí, wọ́n lè sọ lọ́la pé ilẹ̀ ni òun fẹ́ gbà, ilẹ̀ yìí sì ni àwọn ọmọ òun fi ń jẹun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, torí pé òótọ́ ni. Ìyá Ẹgbẹ́ ló dìde. Ó ní òun máa ṣe igbákejì rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ilẹ̀, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù òun kó wá sọ ọ́, níbi tí òun ti mọ gbogbo ẹni tó ń ra mílíìkì láwìn. Ẹ̀rín ta. Bọ̀ọ̀dá Abà ní òun gbà á, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé nǹkan ti dára. Tíṣà lọ sí ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà kí oṣù tó parí, àwọn díẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ó ṣì máa ń wá gbọ́ rédíò pẹ̀lú bàbá mi. Wọ́n á jiyàn, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ̀pà. Ọ̀nà tó wọ ìlú wa kò tíì dára. Mo tẹ́tí sí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lórí afẹ́fẹ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ wa kò lè dìde mọ́ àyàfi bó bá rí ẹ̀yà tó máa gbà á ní tirẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà ìpàdé tó tẹ̀lé e, abà ni wọ́n ti ṣe é, bẹ́ńṣì kò sì tó.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé àsíá náà lọ síbẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀kadà gbé bàbá mi. Ó kọ́ Bọ̀ọ̀dá Abà bí wọ́n ṣe ń ká a, ìdajì, ìdajì, aró nínú. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkùnrin náà ṣe é, bàbá mi tú u, ó ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Bàbá mi fọwọ́ ra ojú àsíá náà, kò tú u mọ́.

Ọparun lásán ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wálé, tí àdúrà òwúrọ̀ bá ti parí, bàbá mi tí kì í fi fóònù pe ènìyàn sí ìpàdé á na ọwọ́ sí mi fún fóònù. Nẹ́tíwọ̀kì kò sí nísàlẹ̀ abà. Orí àpáta ni Bọ̀ọ̀dá Abà ń gùn kó tó lè gbé e. Mo máa ń gbọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nínú fóònù náà.

"Ṣé ó ti gòkè?"

"Ó ti gòkè, Bàbá."

"Apá ibo ló ń fẹ́ sí?"

"Apá ìlú."

"Kò burú. Ẹ sọ̀ ọ́ kí ìrì tó sẹ̀."

Lẹ́yìn náà á dá fóònù padà fún mi, á sì wo ojú mi díẹ̀.

"Etí ẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ṣẹ́ ẹ dáadáa?"

Mo ní mo ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta.